Bí o ṣe lè fi àyẹ̀wò kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ṣáàtì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí sísọ dátà di àwòrán, dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ewé kan tí ṣáàtì kún inú rẹ̀, ló sábà máa ń gbé lọ́wọ́ wá. Àwọ̀ mẹ́jọ ti wà lára rẹ̀, máàpù wà níbẹ̀, nǹkan ń yí, nǹkan ń tàn yanranyanran. Màá bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Á ní òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn lè rí dátà náà dáadáa. Ìyẹn ò tíì di ìbéèrè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì wúlò, àmọ́ ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ohun kan wà tí o kò mọ̀, tí o lè wá ẹ̀rí sí, tí ẹlòmíràn sì lè yẹ ẹ̀rí náà wò lẹ́yìn rẹ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ò pọ̀: mú iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn ti ṣe, tún un ṣe, yí ohun kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí William Cleveland àti Robert McGill ṣe ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 nínú Journal of the American Statistical Association. Ó ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti ènìyàn bíi mẹ́rìnlélógún tó ní sùúrù lè tó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó, bí iná bá wà.

Kọ́kọ́ ka àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀

Má ka àkópọ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ káàkiri. Ka ojúlówó rẹ̀, kí o sì lọ síbi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe àyẹ̀wò náà ná, kí o tó lọ síbi àbájáde.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Wọ́n fi ṣáàtì olópòó han àwọn ènìyàn. Nínú àwọn kan, òpó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n to ègé léra bí ẹni to bíríkì. Wọ́n fi àmì tó kékeré sí méjì nínú àwọn òpó tàbí ègé náà, wọ́n wá béèrè ohun méjì: èwo ló kéré jù nínú méjèèjì, kékeré yìí sì jẹ́ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó tóbi? Oríṣi ṣáàtì márùn-ún ni. Nínú mẹ́ta, ẹsẹ̀ ohun méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, nítorí náà ojú lè fi orí ọ̀kan wé orí èkejì; kíka ipò nìyẹn. Nínú méjì tó kù, ègé náà wà lókè, ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba, gígùn nìkan ni ojú rí ṣe ìwọ̀n; kíka gígùn nìyẹn.

Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ṣe níbi gígùn tó ìlọ́po 1.4 sí 2.5 èyí tí wọ́n ṣe níbi ipò. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò kejì, wọ́n fi ṣáàtì roboto, èyí tí wọ́n gé bí àkàrà òyìnbó, wé ṣáàtì olópòó. Ipò tún borí: kíkà rẹ̀ péye ní ìlọ́po 1.96 ju kíka igun ègé ṣáàtì roboto lọ. Ibẹ̀ ni "má lo ṣáàtì roboto" tí gbogbo ènìyàn ń pa láṣẹ fún ara wọn ti rí ẹsẹ̀ dúró. Mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pa á láṣẹ ò ṣí ojú ìwé yẹn wò rí.

Bí o ṣe ń kà á, kọ àwọn nǹkan kéékèèké sílẹ̀, torí àwọn gan-an ni wọ́n máa yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn tó kópa lé díẹ̀ ní àádọ́ta. Àwọn ìyàwó ilé tí kò ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lára wọn, àwọn tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ṣe náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ojú díwọ̀n kíá, kí wọ́n má fi nǹkan wọ̀n ọ́n. Rántí gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wo àwọn tó tọ ipa ẹsẹ̀ wọn. Tí o bá rí àpilẹ̀kọ náà lórí Google Scholar, tẹ ibi tó ti ń fi àwọn iṣẹ́ tó tọ́ka sí i hàn. Wọ́n pọ̀ bí iyanrìn, má gbìyànjú láti ka gbogbo wọn. Mẹ́ta tó o. Jeffrey Heer àti Michael Bostock tún àyẹ̀wò náà ṣe ní 2010, wọ́n lo àwọn òṣìṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amazon Mechanical Turk, bí àwọn oríṣi ṣáàtì ṣe tò tẹ̀ léra kò sì yàtọ̀ sí ti 1984. Ní 2014, Justin Talbot, Vidya Setlur àti Anushka Anand béèrè ìdí: ṣé bí òpó méjì ṣe jìnnà síra ni, àbí àwọn òpó tó wà láàárín ló ń da ojú rú? Ní 2016, Drew Skau àti Robert Kosara gé ṣáàtì roboto sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí i pé igun tí gbogbo wa rò pé ojú ń kà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn ará 1984 kà sí "igun" ti ń mì tìtì.

Yan ohun kan tí o máa yí padà

Ohun kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yí bí ojú ẹ̀rọ ṣe tóbi tó, èdè ìbéèrè àti àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èwo nínú wọn ló fa ohun tó rí.

Èmi mú ojú fóònù, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń rí ṣáàtì: èsì ìdìbò, iye owó dọ́là, bọ́ọ̀lù. Bébà ni ti 1984, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti 2010. Ìbéèrè mi ni: ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíka ipò àti kíka gígùn á ṣì wà bẹ́ẹ̀ tí ṣáàtì náà kò bá ju ojú fóònù lọ? Bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ o, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò jẹ́ o, nǹkan á wà láti sọ. Bí o bá ní ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni inú rẹ máa dùn sí, jù ú nù.

Àwọ̀ ńkọ́? Ọ̀nà mìíràn nìyẹn. David Borland àti Russell Taylor ti fi ẹjọ́ àwọ̀ òṣùmàrè sùn ní 2007, àwọn tó ń kọ matplotlib, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya ṣáàtì ní èdè kóòdù Python, sì sọ ètò àwọ̀ kan tó ń jẹ́ viridis di èyí tó máa yọ bí ènìyàn kò bá yan àwọ̀ kankan, ní 2017. Bí àwọ̀ bá ń wù ọ́, mọ̀ pé fóònù mẹ́wàá á fi àwọ̀ kan náà hàn lọ́nà mẹ́wàá. Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, dúdú àti eérú tó.

Ya àwọn ṣáàtì náà

Má fi ọwọ́ yà wọ́n, má sì lo Excel. Kọ kóòdù tó máa yà wọ́n, ní Python tàbí D3 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya ṣáàtì sórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì), kí o fún un ní nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà (seed) tó bá fẹ́ po nǹkan, kí kóòdù náà lè ya ohun kan náà gẹ́lẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Iye tí Cleveland àti McGill lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣà jọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 10, wọ́n ń fi 10 tí a gbé sí agbára ìdá kan nínú méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, títí ó fi pé mẹ́wàá: 10, 12.1, 14.7, 17.8, 21.5, 26.1, 31.6, 38.3, 46.4, 56.2. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí o bá fi ìṣísẹ̀ kan náà ya èyíkéyìí nínú wọn sọ́tọ̀, ìdá kan náà lo máa rí. 10 sí 17.8 jẹ́ 56.2 nínú ọgọ́rùn-ún, 14.7 sí 26.1 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. O lè fi òpó kúkurú àti òpó gígùn béèrè ìbéèrè kan náà, ẹni tó ń dáhùn kò sì ní mọ̀.

Sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́rin ní píksẹ́lì. 10 á di 40, 17.8 á di 71, èyí tó ga jù á di 225. Ìyẹn wọ ojú fóònù kékeré láìjẹ́ pé ẹni náà ń fi ìka wọ́ ọ sókè sódò. Fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀, má kọ nọ́mbà kankan sí ẹ̀gbẹ́, torí ẹni tó bá rí nọ́mbà á kàn yọ ọ́ kúrò lára ara wọn ni. Àmì tó dúdú méjì, òpó eérú, ó parí.

Oríṣi mẹ́ta ni mo mú nínú márùn-ún wọn: òpó méjì tó fara kan ara wọn, òpó méjì tó jìnnà síra, àti ègé méjì tó wà lókè nínú òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n lápapọ̀. Oríṣi mẹ́ta lè tò tẹ̀ léra ní ọ̀nà mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́rìnlélógún ènìyàn: ènìyàn mẹ́rin fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìbéèrè mẹ́wàá inú oríṣi kan, pò wọ́n bí ẹni po káàdì Whot fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Bí o ṣe máa béèrè ìbéèrè náà

Mo rò pé apá yìí ló máa rọrùn jù. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá tó dán: "Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ga ni èyí tó kúrú jẹ́?" Mo gbé fóònù fún ìyá aránṣọ kan ládùúgbò wa. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń sọ báyìí?" Ẹni kejì kọ 180, ó ti yí i padà, ó fi èyí tó ga wọn èyí tó kúrú. Ẹni kẹta ń kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Mo padà lọ bá ìyá aránṣọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦100 ni gígùn yìí. Èélòó ni kúkurú yìí?" Ó dáhùn kí n tó sé ẹnu: "Ọgọ́ta. Rárá, kò tó bẹ́ẹ̀. Márùndínlọ́gọ́ta." Ìdáhùn tó tọ́ jẹ́ 56.2. Láti ọjọ́ yẹn, owó ni mo fi ń béèrè. Ó ní àbùkù tirẹ̀ o. Ẹni tó bá ń ronú lówó máa ń fẹ́ já a sí ogún, àádọ́ta, bí ẹni ń wá ṣéńjì. Kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ rẹ, má fi pamọ́.

Ìyá yìí kan náà ló kọ́ mi ní ohun kejì. Nígbà tó di ìbéèrè kẹfà, mo ń ṣe kàyéfì bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe ń péye tó. Mo yọjú wò ó. Ó ti fi èékánná àtàǹpàkò lé ẹsẹ̀ òpó kúkurú, ó ń gbé ìka náà lọ sórí òpó gígùn bí ẹni ń fi téèpù wọn apá aṣọ. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wọn aṣọ, kí ni kó ṣe? Ìdí nìyẹn tí àwọn ará 1984 fi sọ fún àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n má wọ̀n ọ́n. Mo fi kún ìtọ́ni mi, mo tún jẹ́ kí ṣáàtì náà pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àmọ́ kíyè sí i pé mo ti yí ohun kejì padà nìyẹn. Ó di dandan kí n sọ ọ́.

Fi ìbéèrè ìdánrawò mẹ́ta ṣáájú, kí o sọ ìdáhùn tó tọ́ fún wọn lórí àwọn wọ̀nyí nìkan.

Ìwé àṣẹ, àti ohun tí o máa kọ sílẹ̀ ṣáájú

Bí o bá wà ní yunifásítì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí o tó bá ènìyàn kankan sọ̀rọ̀. Tètè kọ̀wé sí wọn, ó lè pẹ́. Má gba orúkọ, má gba nọ́mbà fóònù. Nọ́mbà 1 sí 24 tó láti fi dá wọn mọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kan ìwọ náà, bó o tilẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà, kí o tó gba ìdáhùn kan ṣoṣo, kọ ohun tí o fẹ́ ṣe sórí OSF (Open Science Framework, ibi tí àwọn olùwádìí ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ọjọ́ wà lára rẹ̀: ìbéèrè rẹ, iye ènìyàn, bí o ṣe máa ṣírò àṣìṣe, àti irú ẹni tí o máa yọ dátà rẹ̀ kúrò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì jù. Tí o bá dúró di ìgbà tí àbájáde dé kí o tó pinnu ẹni tí kò "ṣe é dáadáa", o máa rí i pé àwọn tó tako èrò rẹ ni kò ṣe é dáadáa. Òfin tèmi ni pé ẹni tó bá sọ pé èyí tó ga ló kúrú nígbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgbọ̀n máa jáde, ẹlòmíràn á sì gba ipò rẹ̀.

Fi ènìyàn mẹ́ta dán an wò

Mẹ́ta péré, lórí fóònù tiwọn, kì í ṣe lórí tìrẹ. Mo fo ìgbésẹ̀ yìí nígbà àkọ́kọ́, mo sì fi dátà ènìyàn méjìlélógún jóná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fi àpótí ìkọ̀wé sí abẹ́ ṣáàtì. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dára rèǹtè-rente. Lórí fóònù, bí ẹni náà bá ti fọwọ́ kan àpótí yẹn, kíbọ́ọ̀dù á yọ láti ìsàlẹ̀, á sì bo ìdajì ṣáàtì. Ẹsẹ̀ òpó ti wọlẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù. Àwọn ènìyàn ń fi ìrántí dáhùn, èmi ń rò pé ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnì kan tó bá mi lọ́wọ́ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àwàdà: "Bọ̀dá, ṣáàtì yín mà ń rì sómi o."

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí o ṣe bọ́tìnnì nọ́mbà tìrẹ sórí ojú ewé náà, kí kíbọ́ọ̀dù fóònù má yọ rárá. Àwọn kan ń lo ohun tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ dípò rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ní 50, á máa fa ọwọ́ ènìyàn sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Fáìlì dátà

Ìlà kan fún ìdáhùn kan. Nọ́mbà olùkópa, oríṣi ṣáàtì, òpó méjèèjì, ìdá tó tọ́, ìdáhùn, ìṣẹ́jú àáyá tó lò, ipò ìbéèrè náà láàárín ọgbọ̀n, àti bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó. Ènìyàn mẹ́rìnlélógún lọ́nà ọgbọ̀n jẹ́ ìlà 720. CSV, fáìlì tábìlì lásán, tó.

Bí o bá béèrè ìlú tàbí iṣẹ́ wọn tí wọ́n sì fi àmì ohùn kọ ọ́, ṣọ́ra. Ọ̀yọ́ lè wọlé lọ́nà méjì tí ojú kò lè dá mọ̀: ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n wá fi àmì ohùn lé, tàbí ò tó ti ní àmì ohùn tí wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí ìlú méjì. Kí o tó ka ohunkóhun, gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọjá nínú normalize ti Python pẹ̀lú NFC, ìlànà tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan ṣoṣo.

Ìṣirò

Má kàn fi ìdáhùn yọ kúrò lára ìdá tó tọ́ kí o wá ìpíndọ́gba. Ẹnì kan tó bá ṣe àṣìṣe 60 á fa gbogbo ẹgbẹ́ wọ gbó. Cleveland àti McGill lo log (log nọ́mbà kan lórí 2 ni agbára tí a máa gbé 2 sí kó tó di nọ́mbà náà): wo bí ìdáhùn ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, láìka bóyá ó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù sí, fi 1/8 kún un, kí o wá log rẹ̀ lórí 2. Ìdí tí 1/8 fi wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá òótọ́ mu gẹ́lẹ́ ní àṣìṣe 0, log òdo kò sì sí. Pẹ̀lú 1/8, ẹni yẹn á gba −3.

Wò ó lórí 56.2. Ẹni tó ní 60 fi 3.8 ṣìnà, log rẹ̀ jẹ́ 1.97. Ẹni tó ní 50 fi 6.2 ṣìnà, 2.66. Ẹni tó ní 75 fi 18.8 ṣìnà, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ti ẹnì kejì, síbẹ̀ 4.24 péré ló gbà. Kò jẹ́ kí aláṣejù gba ìlú.

Lẹ́yìn èyí, fún oríṣi ṣáàtì kọ̀ọ̀kan, to àwọn ènìyàn láti orí ẹni tó péye jù, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin lókè, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin nísàlẹ̀, kí o wá ìpíndọ́gba àwọn méjìlá tó kù láàárín. Bí ìyàtọ̀ oríṣi méjì bá jẹ́ 0.5 lórí log yìí, àṣìṣe ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.4 èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni o ṣe máa fi nọ́mbà tìrẹ wé ti 1984.

Ó ku bí nọ́mbà náà ṣe dúró ṣinṣin tó. Bradley Efron, onímọ̀ ìṣirò dátà, ló mú ọgbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bootstrap, wá ní 1979. Fojú inú wò ó pé orúkọ ènìyàn mẹ́rìnlélógún wà nínú àpò. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mú ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, dá a padà, tún mú, títí o fi mú u lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún. Àwọn kan á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn kan ò ní jáde rárá. Ṣírò àbájáde fún ẹgbẹ́ yìí. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún un ṣe nígbà 10,000, yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lápá kọ̀ọ̀kan, ibi tó kù ni àbájáde rẹ ń rìn láàárín. Ènìyàn ni kí o máa mú nínú àpò o, kì í ṣe ìdáhùn. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ti mú ìdáhùn 720 bí ẹni pé ènìyàn 720 ni, ibi tí àbájáde wọn ń rìn láàárín wá kéré, inú wọn dùn, irọ́ sì ni.

Ya àbájáde rẹ

Ojú á tì ẹni tó bá ṣe ìwádìí lórí ṣáàtì tó wá fi ṣáàtì burúkú parí rẹ̀. Àmì tó kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìlà kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá láti fi ibi tí ó ń rìn láàárín hàn, gbogbo wọn lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ipò ni, àbí ipò kọ́? Bí o bá fi Yorùbá kọ orúkọ sí i, mú kí àwòrán náà tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin kí o wo àmì orí ẹ́ àti ọ̀ dáadáa. Nígbà mìíràn, àmì ohùn á ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Yan irú lẹ́tà (font) mìíràn bó bá rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí o máa fi ránṣẹ́ sí

Ìpàdé tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí ni IEEE VIS, tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1990. Ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń gba àpilẹ̀kọ ńlá: ojú ìwé mẹ́sàn-án, àti méjì fún àwọn ìtọ́kasí. Iṣẹ́ bí irú èyí bá ibi àpilẹ̀kọ kúkurú wọn mu jù, ojú ìwé mẹ́rin. EuroVis wà fún àwọn tó fẹ́ Yúróòpù. SIGGRAPH, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, wà fún àwọn tí ìbéèrè wọn jẹ́ ti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ya àwòrán gan-an. Ibẹ̀ ni William Lorensen àti Harvey Cline ti gbé marching cubes jáde ní 1987, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ dókítà yà di ojú ohun tí a lè yí wò. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá kan bẹ́ẹ̀, má dààmú ara rẹ lọ síbẹ̀.

Físà jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Béèrè ṣáájú bóyá wọ́n á jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ láti ilé. Ní 2024, ìjì líle tó jà ní Florida ló sọ gbogbo VIS di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún yẹn ni gbogbo wa jọ wà ní ìlà iwájú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò á bi ọ́ pé kí ni tuntun níbẹ̀. Má bínú, má sì fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó. Fi nọ́mbà 1984, ti 2010 àti tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àwòrán kan, kí o sọ ohun tó dúró àti ohun tó yẹ̀.

Kí o tó fi ránṣẹ́, kó kóòdù, àwọn ṣáàtì, ìlà 720 àti ìtọ́ni Yorùbá rẹ sínú àpò kan lórí OSF. Fún ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, ní kí ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ya àwòrán àbájáde rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì jókòó ti fóònù. Bí ó bá pè ọ́ láti béèrè ibi tí fáìlì kan wà, fi fáìlì náà kún inú àpò náà, kí o tún gbé e fún ẹlòmíràn.